Búrẹ́dì Ọwọ́ Ara Wa àti Ìgbafẹ́ Ọjọ́ Kan ní Erékùṣù

  

Ojú ewé yìí ni a ti máa ń ka ìròyìn ìsọmọlórúkọ, ti ìgbéyàwó, ti ilé ṣíṣí àti ti ìsìnkú àgbà. Ti ọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó ń lọ láti ilé dé ilé láàrin wa, ó sì tọ́ kí a gbé wọn yẹ̀wò. Èkínní ni ti búrẹ́dì àti kéèkì tí àwọn ìyàwó wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wọn ṣe nínú ilé, nítorí pé owó tí à ń ná sórí ti ọjà kò kéré mọ́. Iṣẹ́ náà ń mú ẹ̀rín wá ní ilé kan, ó sì ń mú ẹkún wá ní òmíràn. Èkejì ni ti ìsinmi àwọn ọmọ. Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, àwọn ọmọ á béèrè pé, "Níbo ni a ń lọ?" Bàbá á ní owó ọkọ̀ lọ sílé kò tó, ọ̀nà sì jìn, ìyá á dákẹ́, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Ẹni tí kò bá wo inú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dáadáa lè sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé àwa tí a bí ọmọ sí ìlú onílùú, kí ni a ó fi mú ilé dùn mọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí lára, kí wọ́n sì tún mọ ẹni tí wọ́n jẹ́?

BÚRẸ́DÌ ỌWỌ́ ARÌNRÌN-ÀJÒ

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé ẹni tí ó bá ti àjò dé kì í wọlé lọ́wọ́ òfo. Kí àwọn ọmọ tó wo ojú bàbá, wọ́n á ti wo ọwọ́ rẹ̀. Búrẹ́dì sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rà. Bí ọkọ̀ bá dúró ní Ọ̀rẹ́ tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn tí ń tajà á sáré wá sí ojú fèrèsé, a ó ra méjì tàbí mẹ́ta, a ó gbé e lé itan títí dé ilé. Ìyá àgbà á gé e, á pín in ká agboolé, títí kan ọmọ aládùúgbò tí ó kàn ń kọjá lọ. Bí wọ́n bá sì jẹ ẹ́ tán, wọn kì í sọ pé àwọn jẹ búrẹ́dì. Ohun tí wọ́n á sọ ni pé, "Bàbá Warri ti dé."

Nítorí náà, búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ lásán lọ́dọ̀ àwa tí a wà ní àjò. Ẹ̀rí ni pé ẹni tí ó lọ kò gbàgbé ẹni tí ó fi sílẹ̀. Ìyàwó ilé tí ó bá ń po ìyẹ̀fun nínú ilé ìdáná rẹ̀ ní Warri, iṣẹ́ àtijọ́ ni ó ń ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀.

ARÁ ERÉKÙṢÙ TÍ Ó DI ỌBA BÚRẸ́DÌ

Ó yẹ kí á mọ ibi tí ohun tí à ń jẹ ti wá. Àkàrà, ẹ̀kọ, ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti àádùn ni àwọn baba ńlá wa mọ̀. Àlìkámà kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun ọ̀gbìn Warri. Àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà, tí wọ́n padà wá láti Sierra Leone àti Brazil ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ búrẹ́dì di ohun tí a ń jẹ ní Èkó. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ kàn jùlọ nídìí iṣẹ́ náà ni Amos Shackleford.

Ará Jamaica ni ọkùnrin yìí, erékùṣù kan tí ó wà láàrin òkun Caribbean, níbi tí àgbọn, ìrèké àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pọ̀ bí ti ọ̀dọ̀ wa. Ní 1913 ni ó wá sí Nàìjíríà láti ṣiṣẹ́ ní reluwé. Ní 1921, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó. Iṣẹ́ náà gbèrú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní Ọba Búrẹ́dì, orúkọ náà sì wà lára rẹ̀ títí ó fi kú ní 1954. Nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ bíi tirẹ̀ ni ẹ̀rọ onírin yíyípo tí a fi ń tẹ ìyẹ̀fun pípò mọ́ra fi tàn kálẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ni ó ń mú kí búrẹ́dì Agége le mọ́ra, kí ó funfun nínú, kí ó sì ṣeé fà ya bí òwú.

Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí ọ̀rọ̀ yìí. Àlejò ni Shackleford. Kò bá onílẹ̀ du ilẹ̀, kò bá ọba du adé. Ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ni ó mú wá, àwọn onílẹ̀ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ òde òní fi rò pé láti Ifẹ̀ ni búrẹ́dì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwa náà tí a jẹ́ àlejò níhìn-ín.

Àwọn ìyá tí ó ti dàgbà nínú wa rántí pé ìgbà kan wà tí búrẹ́dì fẹ́rẹ̀ẹ́ di oúnjẹ olówó nìkan. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1987, ìjọba fòfin de kíkó àlìkámà wọ Nàìjíríà. Búrẹ́dì wọ́n gógó, ilé búrẹ́dì púpọ̀ ti ilẹ̀kùn, àwọn mìíràn sì ń po ìyẹ̀fun àgbàdo tàbí ti ẹ̀gẹ́ mọ́ ìwọ̀nba tí wọ́n bá rí. Ọdún 1992 ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Àwọn ìyá tí ó kọ́ láti máa fi ọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan nígbà náà ni wọ́n ń kọ́ àwọn ìyàwó kéékèèké lónìí.

OHUN TÍ OJÚ RÍ NÍ ILÉ ÌDÁNÁ

A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí a fẹ́ sọ yìí, nítorí pé ẹ̀rín ni a wá, a kò wá ìjà.

Ìyàwó kan nínú wa fẹ́ ṣe búrẹ́dì fún ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ó ra fúláwà tí ó dára, ó ra bọ́tà, ó ra yíìsì. Nígbà tí ó kan omi, ó bu omi híhó láti orí iná, ó ní kí ó lè tètè wú. Ó dúró wákàtí kan, ó dúró méjì, ìyẹ̀fun kò mira. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ó yan án bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá àgbà kan nínú ẹbí mú ègé kan, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé jíjẹ ni ẹ ní kí n jẹ èyí, tàbí kí n gbé e lọ fún àwọn bíríkìlà?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ìyàwó sì sá wọ yàrá.

Ẹ̀bi ọwọ́ rẹ̀ kọ́, omi ni. Yíìsì tí a ń rà nínú páálí kékeré, tí Bíbélì pè ní ìwúkàrà, ohun ẹlẹ́mìí ni, bí ó tilẹ̀ dà bí iyanrìn lójú. Ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá jẹ ṣúgà, á mí èémí jáde, èémí yẹn ni ó ń fẹ́ ìyẹ̀fun bí a ṣe ń fẹ́ bàlúù. Irú rẹ̀ náà ni ó wà nínú ẹmu tí ó ń hó yeeye lẹ́nu agbè. Kí yíìsì inú páálí tó pọ̀ lọ́jà, ẹmu ni àwọn aṣebúrẹ́dì ń lò ní ibi púpọ̀ ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ohun ẹlẹ́mìí kò lè gbé inú omi híhó. Omi tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun ni kí á lò: kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó má jó ìgúnpá.

Ilé kejì, kéèkì ni. Wọn kò ní ààrò òyìnbó, nítorí náà wọ́n lo ìkòkò ńlá tí a da yanrìn sí nísàlẹ̀, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ṣe. Ọgbọ́n dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ọmọ márùn-ún ni ó yí ìkòkò náà ká, bí ọ̀kan bá ti ṣí ìdérí wò tán, òmíràn á tún ṣí i. Bàbá fúnra rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ rédíò dìde wá wò ó ní ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n gbé kéèkì jáde, àárín rẹ̀ ti jìn sínú bí kòtò ojú títì nígbà òjò. Kéèkì tí kò tíì jinná, afẹ́fẹ́ gbígbóná inú rẹ̀ ni ó gbé e dúró. Bí a bá ṣí ìdérí, atẹ́gùn tútù á wọlé, ilé á wó. Kí a jẹ́ kí yanrìn gbígbẹ náà nípọn tó ìka méjì, kí a gbóná rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 kí a tó gbé páànù kéèkì lé e, kí a fi èédú díẹ̀ sórí ìdérí kí òkè lè pọ́n, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí i kí ìṣẹ́jú 35 tó pé. Ẹni tí kò bá lè mú sùúrù, kí ó lọ gbọ́ rédíò.

Ilé kẹta ni ó dùn wá jù. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ kan fẹ́ ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó bu ohun funfun láti inú agolo, ó dà á sínú bọ́tà, ó ń rò ó. Iyọ̀ ni. Ẹyin mẹ́wàá àti bọ́tà odindi ṣègbé. Ọwọ́ ìyá ti gbéra kí ìyá àgbà tí ó ti ilé wá kí wọn tó sọ pé, "Má lù ú o. Ṣé o kọ ọ́ sára agolo ni?" Wọn kò kọ ọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyá àgbà mú kí ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ IYỌ̀ sára agolo kan, kí ó kọ ṢÚGÀ sára èkejì, kí ó kọ ÌYẸ̀FUN, ATA àti ẸLÚBỌ́ sára àwọn tí ó kù, pẹ̀lú àmì orí àti ti ìdí. Ọmọ tí kò mọ̀ ju Píjìn lọ ti ń ka Yorùbá lára agolo báyìí. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ilé kẹrin, òjò ni ó jà wọ́n lólè. Òjò tí ń rọ̀ ní Warri lọ́dún ju 2,500 mílímítà lọ, ọ̀rinrin rẹ̀ sì ń wọ inú àpótí oúnjẹ. Bẹ́kìn páúdà tí ọ̀rinrin bá ti kàn ti lo agbára rẹ̀ tán nínú agolo. Kí a tó pò ó mọ́ nǹkan, kí a bu ṣíbí tíì kan sínú omi gbígbóná. Bí ó bá hó ṣùù, ó ṣì wà láàyè. Bí ó bá dákẹ́, ẹ dà á nù. Kí a dé fúláwà pa dáadáa, kí a sì gbé e jìnnà sí kẹrosíìnì, nítorí pé fúláwà kì í pẹ́ gba òórùn ohun tí ó bá sún mọ́.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ó dà bí ẹni pé búrẹ́dì ni wọ́n fi wò ó kí wọ́n tó pa òwe náà.

Bí búrẹ́dì bá sì bàjẹ́, kí a má ṣe dà á nù kíákíá. Èyí tí ó le, a lè gé e wẹ́wẹ́, kí a sá a gbẹ, kí a lọ̀ ọ́, kí a fi bo ẹja tí a fẹ́ dín. Kéèkì tí ó jìn, a lè rún un sínú mílíìkì gbígbóná fún àwọn ọmọ. Ohun kan tí ó burú ni kí ọkọ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ níta. Obìnrin tí ó bàjẹ́ lónìí tí a sì gbà á níyànjú, yóò ṣe é dáadáa lọ́la.

BÚRẸ́DÌ ALÁGBỌN

Àwọn ìyá ní kí a kọ èyí tí ó rọrùn sílẹ̀. Àgbọn kò wọ́n níhìn-ín, nítorí náà òun ni a mú.

Ẹ wá ìyẹ̀fun fúláwà ife 4, ṣúgà ṣíbí ìjẹun 4, iyọ̀ ṣíbí tíì 1, yíìsì ṣíbí tíì 2, bọ́tà ṣíbí ìjẹun 2, àti àgbọn tútù kan. Ẹ rẹ́ àgbọn náà, ẹ da omi gbígbóná díẹ̀ lé e, ẹ fún oje rẹ̀ jáde, ẹ jẹ́ kí ó tutù di wọ́ọ́rọ́. Oje náà kí ó tó ife 1 àti ìlàrin. Ẹ da yíìsì àti ṣúgà ṣíbí kan sínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Bí ó bá yọ fóòmù lójú, ẹ lè tẹ̀síwájú. Bí kò bá yọ ọ́, ẹ dá iṣẹ́ dúró síbẹ̀, yíìsì yẹn ti kú, ẹ kò tíì fi fúláwà ṣòfò.

Ẹ po gbogbo rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ àgbọn tí a ti fún. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ nà án, ẹ ká a, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ibí yìí ni àwọn ọkùnrin ti lè ṣe ohun tí ó wúlò. Ẹ fi aṣọ tútù bò ó títí yóò fi di ìlọ́po méjì. Nínú ooru Warri, wákàtí kan tó. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ẹ gbé e sínú páànù tí a ti fi bọ́tà pa, ẹ jẹ́ kí ó tún wú fún ìdajì wákàtí, kí ẹ tó yan án fún bí ìṣẹ́jú 35 sí 40. Bí ẹ bá gbá ìdí rẹ̀ tí ó ń dún bí ìlù, ó ti jinná. Ẹ má ṣe gé e nígbà tí ó gbóná, ẹ má sì dì í sínú ọ̀rá kí ó tó tutù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á hu.

Oore mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ mọ ohun tí ẹ fi sí i. Àwọn aṣebúrẹ́dì kan máa ń fi bromate sí ìyẹ̀fun kí ó lè wú fùkẹ̀, bẹ́ẹ̀ NAFDAC ti fòfin dè é nítorí ewu tí ó lè ṣe fún ara. Nínú ilé ti yín, sùúrù ni ẹ ó lò dípò rẹ̀.

ERÉKÙṢÙ TÍ Ó WÀ NÍTÒSÍ WA

Ọ̀rọ̀ ìsinmi ni ó kàn. Àwọn ọmọ wa ń wo fíìmù, wọ́n ń rí erékùṣù àwọn òyìnbó pẹ̀lú igi àgbọn àti omi, wọ́n rò pé ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú nìkan ni ó lè rí irú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìlú tí omi yí ká ni wọ́n ń gbé nítòsí rẹ̀.

Forcados àti Burutu wà níwájú, níbi tí odò ti ń sún mọ́ òkun. Kí ọkọ̀ òkun ńlá tó lè máa wọ Èkó tààrà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, yanrìn ẹnu òkun Èkó kì í jẹ́ kí wọ́n kọjá. Forcados ni ọ̀pọ̀ wọn ń dúró sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ẹrù àti èrò tí ó ń lọ sí Èkó sínú ọkọ̀ kékeré. Ọ̀nà Èkó ti gba etí odò yìí kọjá kí ọ̀nà Ọ̀rẹ́ tó là.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó sún mọ́ wa jù, tí ìdílé lè lọ ní òwúrọ̀ kí ó sì padà ní ọ̀sán, ni Ode-Itsekiri, tí àwọn kan ń pè ní Warri Ńlá. Ìlú àtijọ́ àwọn Itsekiri ni. Ìtàn wọn sọ pé Ginuwa, ọmọ ọba Benin, ni ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sí agbègbè omi yìí ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìran àwọn Olu ti wá. Ọ̀kan nínú wọn, Dom Domingos tí ó jẹ́ Atuwatse Kìíní, kàwé ní Coimbra ní ilẹ̀ Portugal ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 2021, erékùṣù yìí náà ni wọ́n ti dé Ogiame Atuwatse Kẹta ládé. Ìyá Olu yìí, Olori Durorike Emiko, jẹ́ ọmọ Yorùbá.

Iṣẹ́ ọ̀nà àti afárá tí yóò so Ode-Itsekiri pọ̀ mọ́ Warri ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún púpọ̀ sẹ́yìn. Síbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀nà àtijọ́, òun náà sì ni àwọn ọmọ fẹ́. Ní ojú odò, wọn yóò rí igi ẹ̀gbà tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró lórí omi bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Wọn yóò rí i bí omi òkun ṣe ń ti odò padà, tí odò á kún, tí á sì tún fà. Wọn yóò rí àwọn apẹja nínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń ju àwọ̀n.

Ìdílé kan nínú wa lọ ní ìgbà ìsinmi Àjíǹde, wọ́n di búrẹ́dì alágbọn, ẹja díndín àti omi mímu. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, akọ́bí wọn ọkùnrin, tí ó máa ń fi Píjìn dá ìyá rẹ̀ lóhùn, gbọ́ tí awakọ̀ ń ka àwọn èrò ní èdè Itsekiri: méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ọmọ náà yíjú sí bàbá rẹ̀, ó ní, "Dádì, ṣé Yorùbá ni wọ́n ni?"

Ìdáhùn tí bàbá náà fún un ni ó mú kí a kọ ọ́ síbí. Ó ní, "Rárá, Itsekiri ni wọ́n. Wọ́n ní ọba tiwọn, wọ́n ní ìtàn tiwọn. Ṣùgbọ́n èdè wọn àti èdè wa, ọmọ ìyá ni." Òótọ́ ni ó sọ. Àwọn onímọ̀ èdè ka Yorùbá, Itsekiri àti Igala sí ìdílé kan. Ẹni tí àwọn Itsekiri ń pè ní Oritsẹ nínú orúkọ wọn, Ọlọ́run ni, a sì gbọ́ Òrìṣà nínú rẹ̀. Ọma tí ó wà nínú Omatseye àti Omatsola, ọmọ tiwa náà ni. Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọdékùnrin náà ti ń béèrè orúkọ nǹkan ní Yorùbá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kí ó lè fi wé ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Itsekiri ní ilé-ìwé. Ohun tí ẹgba kò lè ṣe, ìrìn wákàtí díẹ̀ lójú omi ṣe é.

A fẹ́ kí a di ọ̀rọ̀ bàbá yẹn mú ṣinṣin. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe dé ọ̀dọ̀ onílé kí ó máa sọ pé, "Yorùbá ni yín, ẹ kò kàn mọ̀ ni." Ìbátan kì í ṣe ìní. Lóòótọ́, Warri wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí olú ìlú rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, títí wọ́n fi dá Àárín Gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ ní 1963. Ìyẹn ti kọjá. Láti 1991 ni ìpínlẹ̀ Delta ti wà. Àlejò ni a jẹ́, àlejò tí ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ni onílé ń fún ní àga.

ÀWỌN TÍ Ó NÍ KÒ TỌ́

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé, bàbá àgbà kan dìde. Ó ní, "Ẹ ń sọ̀rọ̀ ìgbafẹ́, ṣé owó tí ó yẹ kí a fi gbé ọmọ lọ rí ìyá àgbà ni a ó fi ra epo ọkọ̀ ojú omi? Ọmọ tí kò mọ ọ̀nà ilé, erékùṣù wo ni yóò fi hàn án?" Àwọn kan pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọmọ wà láàrin wa tí ó ti pé ọdún méjìlá tí kò tíì fi ojú kan agboolé bàbá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá kan dá a lóhùn pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Òótọ́ ni ẹ sọ. Ṣùgbọ́n ìdílé ènìyàn mẹ́fà tí kò rí owó lọ sílé ní ọdún mẹ́ta, ṣé kí wọ́n jókòó nínú ilé kí wọ́n máa wo ara wọn ní ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ọjọ́ tí a fi lọ sí odò, ọkọ mi kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ gbọ́ orúkọ bàbá bàbá wọn fún ìgbà àkọ́kọ́, torí pé bàbá wọn ráyè sọ ọ́." Ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Lójú tiwa, àwọn méjèèjì ni ó jàre. Erékùṣù kò lè rọ́pò ilé. Kí a ní àpótí méjì: ọ̀kan fún ìrìn ilé, tí a kò ní fọwọ́ kàn fún ohun mìíràn, àti kékeré kan fún ọjọ́ ìdílé. Owó tí ìyàwó bá rí pamọ́ nípa ṣíṣe búrẹ́dì nílé, kí ó lọ sínú ti kékeré yẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ búrẹ́dì àti ọ̀rọ̀ erékùṣù ti pàdé.

Ẹ̀rù omi náà tún wà. Nígbà ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Warri ní 1997 àti èyí tí ó tún wáyé ní 2003, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sún mọ́ etí odò rárá, ìbẹ̀rù yẹn kò sì tíì tán lára àwọn àgbà. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tí ó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ẹni náà bá a lọ bí ó bá ṣeé ṣe. Kí a lọ ní òwúrọ̀, kí a padà kí oòrùn tó wọ̀. NIWA, àjọ tí ń mójútó ọ̀nà ojú omi láti 1997, kò gba ìrìn òru, ó sì ní dandan ni ẹ̀wù agbẹ̀mílà fún èrò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀wù kò bá kárí ọmọ yín, ẹ má wọ ọkọ̀ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti sanwó. Bí òjò bá ṣú, ẹ sún un síwájú. Bí ẹ bá sì dé ọ̀hún, ẹ kí àwọn àgbà, ẹ béèrè ibi tí àlejò lè jókòó sí àti ibi tí kò yẹ kí ó dé, ẹ pín nínú búrẹ́dì yín fún onílé, kí ẹ sì kó ìdọ̀tí yín padà.

A ó tún jíròrò ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé tí ń bọ̀. Kí ìdílé tí ó bá ti dán búrẹ́dì alágbọn wò mú ègé kan dání, ìbá à wú, ìbá à má wú. Kí àwọn bàbá sì mú orúkọ agboolé wọn àti ti baba ńlá wọn wá ní àkọsílẹ̀ fún àwọn ọmọ, nítorí pé ọjọ́ tí a bá jókòó sábẹ́ igi àgbọn, ohun tí a ó sọ fún wọn nìyẹn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé tù wá lára ní àjò, kí ó má sì jẹ́ kí ọ̀nà ilé dí mọ́ wa. Ire o.